Ẹ bá mi dá sí i: irú Gẹ̀ẹ́sì wo ni wọ́n ń sọ ní Yorkshire?

Àníkẹ́ Ọ̀yọ́:
Ẹ kú àjò o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Ilẹ̀ Ọba. Físà mi ti jáde. Barnsley ni mò ń bọ̀, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni wọ́n gbà mí sí. Mo yege ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ níléèwé rí. Àmọ́ mo tẹ́tí sí ètò rédíò kan láti agbègbè yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bàbá àgbàlagbà kan ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tó ń wa èédú, díẹ̀ báyìí ni mo rí mú nínú ohun tó sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó gbéra? Àwọn tó lè mú kí n ṣi arúgbó gbọ́ ni mò ń wá, nítorí oògùn àti oúnjẹ wọn ló máa wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti ṣẹ̀ wá, ẹ bá mi fi kún un. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ti mọ ìtàn rẹ̀ kì í kúrò lórí mi mọ́.

Bàbá Tọ́lá, Leeds:
Àníkẹ́, o kú oríire físà. Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀.

Má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí o kò gbọ́ rí. Bí màmá kan bá sọ fún ọ pé òun "nithered", wàá béèrè, á sì ṣàlàyé pé òtútù ti wọ òun léegun. Ọ̀rọ̀ tí o rò pé o mọ̀ ni kí o ṣọ́ra fún, torí pé o ò ní béèrè.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni "while". Níbí, "while" ni "títí di". "Nine while five" ni pé láti aago mẹ́sàn-án títí di aago márùn-ún. Bí bàbá kan bá ní "I'm not eating while six", ohun tó ń sọ ni pé ó di aago mẹ́fà kí òun tó fi nǹkan kan ẹnu. Bí o bá fi Gẹ̀ẹ́sì iléèwé gbọ́ ọ, wàá rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já síbì kan. Ìtàn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ níbí, nípa àkọlé kan níbi tí ojú irin ti gba títì kọjá, tó ní kí awakọ̀ dúró "while lights flash". Ọmọ Yorkshire kà á, ó rí i pé wọ́n ní kí òun dúró títí iná á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ìtàn ni o, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni "starved". Ebi ni wọ́n fi kọ́ wa. Lẹ́nu àwọn àgbàlagbà Yorkshire àti Lancashire, òtútù ni. "I'm starved, love" lè jẹ́ pé kúbùsù ni màmá ń fẹ́, tí ìwọ sì ti sáré lọ gbé oúnjẹ kaná. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló ti wá: "steorfan", kí èèyàn kú, ohun yòówù tí ì báà pa á. Àwọn ará Jámánì ṣì ń pe ikú kíkú ní "sterben" títí dòní. Nígbà tó yá, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé mú ikú ebi nìkan nínú rẹ̀, àwọn ará Àríwá mú ti òtútù. Fọwọ́ kan ọwọ́ màmá kí o tó pinnu èyí tó ń sọ.

"Dinner" ni oúnjẹ ọ̀sán. "Tea" ni oúnjẹ alẹ́, ọbẹ̀ àti ẹran àti gbogbo rẹ̀. Èyí kan oògùn gan-an: bí ọmọ arúgbó bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ pé "tablets after tea", ìgbà tó bá jẹun alẹ́ tán ló ń wí, kì í ṣe ìgbà tó bá mu tíì aago mẹ́rin. Tíì mímu gan-an ni wọ́n ń pè ní "a brew", bí wọ́n bá sì ní kí o "mash", kí o po tíì ni, kì í ṣe kí o gún nǹkan.

"Badly" àti "poorly", àìsàn ni méjèèjì. "He's been badly all week" kò sọ pé ó hùwà burúkú. "Happen" ni "bóyá". "Nowt" ni "kò sí nǹkan kan", "owt" ni "ohunkóhun", "summat" ni "nǹkan kan". "Nowt" jáde láti ara "nāwiht" ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, orísun kan náà tí "not" tí gbogbo ayé ń sọ ti wá.

Ìdí tí Àríwá fi yàtọ̀ ni pé àwọn ará Denmark fi ogun gba York ní 866, ọ̀pọ̀ wọn sì tẹ̀dó, wọ́n dáko, wọ́n fẹ́yàwó níbẹ̀. Èdè wọn wọnú ti àwọn onílẹ̀. "Beck", odò kékeré, tiwọn ni. "Flit", kí èèyàn kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn, tiwọn ni. "Laik", kí ọmọdé máa ṣeré, tiwọn ni, ní agbègbè tí wọ́n ti ń wa èédú bíi Barnsley, wọ́n tún ń lò ó fún ẹni tí kò lọ síbi iṣẹ́. Níbí ní Leeds a ní Briggate àti Kirkgate láàárín ìgboro, kò sì sí ẹnubodè kankan níbẹ̀: "gata" lédè wọn ni òpópónà. Òpópónà afárá àti òpópónà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n. Bí o bá wá dé York, wàá rí i pé "gate" ni òpópónà, "bar" sì ni ẹnubodè ìlú. Ọmọ wa kan tí wọ́n ní kó pàdé àwọn ní Micklegate Bar, kó má ṣe lọ máa wá ilé ọtí kiri.

Nọ́ọ̀sì Gateshead:
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Bàbá Tọ́lá, sà. Àǹtí Àníkẹ́, ọ̀rọ̀ tiwa lápá ibí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Yorkshire, àmọ́ àwọn arúgbó máa ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní ìlú míì, ẹ lè bá ọmọ Newcastle pàdé ní Barnsley.

Bí aláìsàn bá ní "I'll get wrong off wor lass", kò ní òun máa ṣe àṣìṣe. Ìyàwó òun máa bá òun wí ni. "Get wrong" ni kí wọ́n bá èèyàn wí. "Us" lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo: "give us me glasses", kí ẹ bá òun nìkan mú awò òun ni. "Bairn" ni ọmọ, "bearn" ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè é, àwọn ará Denmark àti Norway sì ń sọ "barn" títí di ìsinsìnyí. "Gan" ni lọ, "hyem" ni ilé, nítorí náà arúgbó tó ń ké pé òun fẹ́ "gan hyem", ilé ló fẹ́ lọ. "Canny" ni ẹni tó dáa tàbí nǹkan tó dáa. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín pé ní Skọ́tíláńdì, "canny" ni ẹni tó ń fara balẹ̀, tó gbọ́n, tó ń ṣọ́wó ná.

Ti ara: "lug" ni etí, "neb" ni imú. "Spelk" ni èérún igi tó wọ èèyàn lára. Ní Yorkshire, "I were gipping" ni pé èébì ń gbé mi. Àmọ́ bí orúnkún bá ń "give me gyp", ó ń ro ó ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí, ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí lára ò sì jọra rárá. Ẹ bi wọ́n pé "show me where".

Èyí ṣe pàtàkì fún yín gan-an: ní Sheffield àti agbègbè rẹ̀, "spice" ni súìtì. Àwọn àgbàlagbà ló ń sọ ọ́ jù. Oògùn olóró kan ti gba orúkọ yẹn láàárín àwọn ọ̀dọ́, kí jìnnìjìnnì má bá yín bí bàbá ẹni ọdún 80 bá ní òun ra "spice". Ṣùgbọ́n bí bàbá náà bá ní àtọ̀gbẹ, súìtì tó jẹ yẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní wọ́ọ̀dù ni pé kí a kọ ohun tí aláìsàn sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kí a fi àmì àyọlò sí i, kí a tó wá kọ ohun tí àwa rí. Ẹ má ṣe túmọ̀ rẹ̀ fúnra yín sínú ìwé. Bí màmá bá ní òun "starved", ẹ kọ "starved", kí ẹ wá kọ bí ara rẹ̀ ṣe tutù tó àti ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín á mọ ohun tó ń lọ.

Ìyá Ìbejì, Glasgow:
Mo kí gbogbo ilé. Ti Skọ́tíláńdì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, torí Scots, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ níbí, kì í ṣe ẹ̀ka-èdè Gẹ̀ẹ́sì lójú ọ̀pọ̀ ará ibí, èdè ni. Ní 2025, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin tó fún Scots àti Gaelic, èdè ibí mìíràn, ní ipò èdè tí ìjọba fọwọ́ sí. Inú mi dùn sí i, torí ojú kò-kàwé-tó ni wọ́n fi ń wo àwọn tó ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, kó fi èyí sọ́kàn: "the wean's greeting" kò sọ pé ọmọ ń kí èèyàn. Ó ń sunkún ni! "Grǣtan" ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kí èèyàn sunkún, ló kù síbí. Lọ́ńdọ̀nù ti gbàgbé rẹ̀. "Messages" ni nǹkan tí èèyàn rà lọ́jà, nítorí náà ìyá àgbà tó ní kí o bá òun "get the messages", mílíìkì àti búrẹ́dì ló ń wí, má ṣe lọ gbé fóònù rẹ̀. "Press" ni kọ́bọ́ọ̀dù. "Jag" ni abẹ́rẹ́. "How no?" ni "kí ló dé tí kò fi rí bẹ́ẹ̀?" "The morn" ni ọ̀la, kì í ṣe òwúrọ̀.

"Outwith" yóò dé bá yín nínú lẹ́tà ilé ìwòsàn àti ti káńsù, ẹ má rò pé ẹni tó kọ ọ́ ṣe àṣìṣe. "Outwith office hours" ni ìgbà tí ọ́fíìsì ò sí ní ṣíṣí. Lẹ́tà ìjọba gidi ni.

Ọ̀kan wà tó rọrùn fún wa: "where do you stay?" Ibi tí o ń gbé ni wọ́n ń béèrè, bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà. Ará Lọ́ńdọ̀nù ló máa rò pé òtẹ́ẹ̀lì ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Stoke:
Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe máa pè yín. Níbí, "duck" ni wọ́n ń pe ọkùnrin, wọ́n ń pe obìnrin bẹ́ẹ̀, onímọ́tò, dókítà, gbogbo wa. Títí dé Derby àti Nottingham ni. Ní Yorkshire, "love" ni, ọkùnrin àgbà pàápàá á pe ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní "love". Ní Newcastle "pet", ní Birmingham "bab", ní Glasgow "hen" fún obìnrin, ní Bristol wọ́n á ní "my lover". Àwọn obìnrin wa kan máa ń bínú sí i. Ẹ rántí pé ìyá àgbà tó ń ta ẹ̀kọ ní Iléṣà á pe ọmọ ọdún 5 ní "ọkọ mi", kò sì sẹ́ni tó máa béèrè owó orí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe gbà á. Àmọ́ kí ẹ̀yin má tíì fi pe àwọn oníbàárà yín. Mr tàbí Mrs ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi sọ orúkọ tí wọ́n fẹ́.

"Nesh" ni ẹni tí òtútù tètè máa ń mú, láti ara "hnesce" ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, ohun tó rọ̀. Gbogbo wa ni wọ́n máa pè bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọkànlá. "Mardy" ni ẹni tó ń wú bọnbọ, tó ń bínú láìnídìí. Bí wọ́n bá sọ fún yín níbi ìgbà-iṣẹ́ pé màmá kan "mardy" láàárọ̀ yìí, ìbínú ni wọ́n rí, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa bóyá ara ló ń ro ó.

Lánre, Plymouth:
Kúkúrú ni tèmi. Ní Cornwall, "dreckly" kì í ṣe "lójú ẹsẹ̀" bó ṣe jọ létí. Ó di ìgbà tó bá rọ ẹni náà lọ́rùn. Bí oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi bá ní òun ń bọ̀ "dreckly", ẹ gba omi sílẹ̀. "Where's that to?" ni "ibo nìyẹn wà?"

Alákọ̀wé Ìkẹjà:
Ẹ má bínú o, mo ń ka gbogbo èyí, ó ń ṣe mí ní kàyéfì. Ṣé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì àwọn tí kò kàwé nìyí? Ẹni tó ti fi owó gọbọi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gidi, kí ló dé tí a fi ń ní kó lọ máa kọ́ èyí tó bàjẹ́?

Bàbá Tọ́lá, Leeds:
Alákọ̀wé, jẹ́ n dá ọ lóhùn, torí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ níléèwé, ẹ̀ka-èdè kan ni òun náà. Nígbà tí William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Westminster ní 1476, Gẹ̀ẹ́sì agbègbè Lọ́ńdọ̀nù ló fi tẹ̀wé, ibẹ̀ ni ọba wà, ibẹ̀ lówó wà. Ká ní York ni ẹ̀rọ yẹn balẹ̀ sí ni, bóyá "while" tiwọn ni ìwọ ì bá máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ lónìí. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Yorùbá Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, ìyẹn ò sọ Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì di Yorùbá tó bàjẹ́. Lọ sọ ọ́ ní Àdó kí o rí i.

Joseph Wright ni kí o wò. A bí i ní 1855 ní Thackley, lẹ́bàá Bradford, kò jìnnà sí ibi tí mo wà. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tó ti ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ híhun ní Saltaire. Ó tó ọmọ ọdún 15 kó tó kọ́ ìwé kíkà. Ọkùnrin yìí di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, òun ló sì ṣe olóòtú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ka-èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìdìpọ̀ 6, láàárín 1898 sí 1905. Nígbà tó tún yá, Yunifásítì Leeds rán àwọn èèyàn lọ sí ibi 313, tí èyí tó pọ̀ jù wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1950 sí 1961, pẹ̀lú ìbéèrè tó lé ní 1,300, kí wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbẹ̀ àgbàlagbà sílẹ̀ kó tó parun. A kì í ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀ lórí èdè tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi tọ́ ọ ni arúgbó fi ń sọ ibi tó ti ń dùn ún. Ó tọ́ kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́ ọ.

Àníkẹ́ Ọ̀yọ́:
Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Tọ́lá, ìbéèrè méjì ló kù, sà. Mo gbọ́ "thee" àti "tha" lẹ́nu bàbá orí rédíò yẹn, bí ẹni ń ka Bíbélì àtijọ́. Ṣé kí n máa fi dá wọn lóhùn ni? Ìkejì, báwo ni màá ṣe máa mọ ọ̀nà ilé wọn, torí ẹsẹ̀ ni màá kọ́kọ́ máa fi rìn?

Bàbá Tọ́lá, Leeds:
Má dán an wò, ọmọ mi. "Tha" ni "ìwọ", "you" ni "ẹ̀yin". Ohun tí àwa mọ̀ dáadáa ni. Bàbá àgbà lè pè ọ́ ní "tha", ìfẹ́ ni, ó ti kà ọ́ mọ́ ara ilé. Ìwọ kò gbọ́dọ̀ dá a padà fún un. Àwọn fúnra wọn máa ń bá ọmọdé wí lórí rẹ̀, pé bí ó bá fẹ́ "thee" èèyàn, kó lọ "thee" ara rẹ̀ kó wò ó bóyá á dùn mọ́ ọn. Àwọn ará Barnsley tilẹ̀ ń pe àwọn ará Sheffield ní "dee-dar" nítorí bí wọ́n ṣe ń pe "thee" àti "tha" bíi "dee" àti "dar". Gẹ̀ẹ́sì tìrẹ ni kí o máa sọ, kí o sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa tún ohun tí o gbọ́ sọ fún wọn: "cold, or hungry?" Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ.

Ti ọ̀nà: ọ̀nà tóóró tó gba àárín ilé méjì kọjá ni "ginnel" lọ́dọ̀ wa, "gennel" ni wọ́n ń pè é lápá Sheffield, ohùn iwájú rẹ̀ sì dà bíi ti "Jẹ́nẹ́sísì". Àwọn míì á ní "snicket". Bí wọ́n bá ní kí o gba "gennel" lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, òun ló máa ń yá jù. Lọ́sàn-án ni kí o kọ́kọ́ gbà á, kí o mọ̀ ọ́n kí ìgbà òtútù tó dé, torí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú.

Nọ́ọ̀sì Gateshead:
Ẹ fi búrẹ́dì kún un, Bàbá, wọ́n á rán an níṣẹ́ ọ̀sán. Àǹtí, búrẹ́dì róbótó kékeré, "breadcake" tàbí "teacake" ni wọ́n máa sọ lápá yín. "Teacake" yẹn kò ní èso gbígbẹ nínú lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí wọ́n ń tà lórúkọ yẹn ní ìlú mìíràn ní èso nínú, ó sì dùn. Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ní Manchester "barm" ni, ní Nottingham "cob", ní Coventry "batch", lọ́dọ̀ wa "stottie", èyí tó fẹ̀ tó sì le díẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Stoke:
Ọ̀kan tó kù: wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún yín, wọ́n á ní "now then". Kò bínú, kò sì fẹ́ bá yín jà. Ìkíni ni, bí ẹni ní "ẹ ǹlẹ́ o". Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú "now then", kí ẹ wọlé.